Ṣé Inú Ẹ̀wọ̀n Ni Ó Ti Kó O? Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọpa Àrùn Inú Ẹ̀jẹ̀ Láàárín Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n

Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọkùnrin kan ní ìkóríta Ẹlẹ́kọ ní Èkó lónìí, tí adájọ́ kò sì gba béèlì rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ìkòyí ni ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n máa gbé e lọ. Ènìyàn 800 ni ìjọba kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí fún, ṣùgbọ́n àwọn ìgbà kan wà tí iye àwọn tó ń sùn síbẹ̀ ju 3,000 lọ. Nígbà tí iná mànàmáná pa ẹlẹ́wọ̀n márùn-ún níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, gbogbo ìlú ló gbọ́. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Ó lè wà lára ènìyàn fún ọdún mẹ́wàá kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu.

Ká wá sọ pé ọmọkùnrin wa yìí lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ níbẹ̀, tí ẹjọ́ ń lọ tí ẹjọ́ ń bọ̀, títí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ó délé, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, wọ́n bá jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C (hepatitis C) níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti kó o ràn án." Wọ́dà á ní, "Bó ṣe gbé e wọlé nìyẹn." Àwọn méjèèjì ń sọ ohun tó bá inú wọn mu ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ inú ẹ̀wọ̀n ló ti kó o, bíléèdì, abẹ́rẹ́ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì lóru la máa wá nǹkan ṣe sí. Bó bá jẹ́ ó gbé e wọlé ni, àyẹ̀wò lẹ́nu géètì àti oògùn ló kàn. Báwo ni àwọn olùṣèwádìí ṣe ń mọ̀yàtọ̀?

Àrùn mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú ìwádìí bẹ́ẹ̀: kòkòrò HIV tó ń fa éèdì, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C. Jíjẹun pa pọ̀ kì í kó wọn ranni, bẹ́ẹ̀ ni sísùn sórí ẹní kan náà. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ dé inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, tàbí kí ìbálòpọ̀ gbé e kọjá, tàbí kí ìyá kó o ran ọmọ nígbà ìbí. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà pàdé ẹ̀jẹ̀ kò ṣòro mọ̀. Bíléèdì kan lè fá irun ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹnì kan lè fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ fín orúkọ sí apá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè sín gbẹ́rẹ́. Ìjà lè ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dà. Àwọn kan ń gún oògùn olóró, ìbálòpọ̀ sì wà níbẹ̀, bí a fẹ́ bí a kọ̀. Àmọ́ kòkòrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lágbára bákan náà. HIV kì í pẹ́ kú bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbẹ. Ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B lè wà láàyè lórí irin fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Nítorí náà, bíléèdì tí ẹnì kan lò lọ́jọ́ Ajé ṣì lè kó o ran ẹni tó lò ó lọ́jọ́bọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùṣèwádìí máa ń ṣe ni kíkà. Ó wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó bá yọ̀ǹda, ó sì ka iye àwọn tó ní àrùn. Irú ìwádìí yìí ló pọ̀ jù, nítorí kò gba àkókò púpọ̀, owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ gun. Ní ọdún 2016, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìṣirò kan jáde lórí ẹlẹ́wọ̀n mílíọ̀nù 10.2 tó wà lágbàáyé ní ọdún 2014: ìdá 3.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní HIV, ìdá 15.1 ló ti ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C, ìdá 4.8 ló ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B tó ti di bárakú. Nílé wa níbí, ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin 300 tó wà lẹ́wọ̀n wò ní ọdún 2007. HIV wà lára 54, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B lára 69, C lára 37. Nígbà tí àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá ìjọba ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ káàkiri Nàìjíríà lẹ́yìn náà, ìdá 2.8 ni wọ́n rí fún HIV. Ìdá 1.4 ni ti àgbàlagbà gbogbo tó wà níta, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ńlá NAIIS ti ọdún 2018 ṣe fi hàn.

Ìlọ́po méjì ni 2.8 sí 1.4, ohun tó sì máa ń yọ nínú ìwé ìròyìn ni pé "ẹ̀wọ̀n ń tan éèdì kálẹ̀." Iye náà kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn apẹja ní etíkun Ẹlẹ́kọ mọ̀ pé ẹni tó bá ka ẹja inú agbọ̀n kò tíì mọ èyí tí wọ́n pa lókun àti èyí tí wọ́n pa lọ́sà. Ohun tí kíkà ń sọ ni iye tó wà nínú ọgbà lọ́jọ́ tí wọ́n kà á. Kò sọ ibi tó ti wá.

Ìwádìí UNODC yẹn fún wa ní àpẹẹrẹ tó dára. Láàárín àwọn obìnrin tó wà lẹ́wọ̀n, ìdá 6.9 ló ní HIV. Ti ọkùnrin jẹ́ 2.7. Bó bá jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì ni gbogbo rẹ̀ ti ń tàn, ti obìnrin ni ìbá kéré jù, nítorí ọ̀nà tí HIV lè gbà kọjá láti ara obìnrin sí obìnrin kò tó nǹkan. Ohun tí iye yìí ń tọ́ka sí ni ìgbésí ayé àwọn obìnrin náà kí wọ́n tó mú wọn. Níta pàápàá, obìnrin ló ní in jù: ìdá 1.9 sí 0.9 ti ọkùnrin.

Àwọn ará Gánà ṣe ohun tó gbọ́n ju kíkà lásán lọ. Láàárín ọdún 2004 sí 2005, wọ́n lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n mẹ́jọ, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 1,300 wò, wọ́n sì yẹ ti àwọn wọ́dà 445 wò pẹ̀lú. Ìdí tí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ wọ́dà ni pé ìlú kan náà ni wọ́n ń gbé, ọgbà kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sùn sínú sẹ́ẹ̀lì. Fún HIV, ìdá 5.9 ni ti ẹlẹ́wọ̀n, 4.9 ni ti wọ́dà. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, 25.5 sí 11.7. Fún C, 18.7 sí 4.7. Ti C yìí ló yẹ kó mú ènìyàn ronú, nítorí òun ló gbára lé ẹ̀jẹ̀ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlọ́po mẹ́rin kì í ṣe ohun kékeré.

Síbẹ̀, kò tíì tán. Àyẹ̀wò tí wọ́n lò fún C kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀; àwọn ọmọ ogun tí ara fi bá kòkòrò náà jà ló ń wá. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá kó jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C, nǹkan bíi mẹ́ta ni ara wọn á lé e jáde láìlo oògùn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun yẹn á ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àyẹ̀wò á máa pè wọ́n ní alárùn nígbà tí wọ́n ti sàn. Láti mọ ẹni tó ṣì ní in, àyẹ̀wò mìíràn tó ń wá kòkòrò náà gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe, owó rẹ̀ sì gun.

Ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B tún fi ibòmíràn ṣòro, mo sì rò pé òun ni wọ́n máa ń ṣì kà jù. Ọmọ ìkókó tó bá kó o lára ìyá rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé á bá a dàgbà. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le tó bá kó o, ara rẹ̀ á lé e lọ nígbà mọ́kàndínlógún nínú ogún. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ètò tí ìjọba Nàìjíríà ń fún àwọn ọmọdé, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n tó ti kúrò lọ́mọdé kò gbà á. Bí olùṣèwádìí bá wá rí B tó ti di bárakú lára ọkùnrin ẹni ọdún 35, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà èwe ló ti wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kó nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á ti lọ kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, á fi ipa nìkan sílẹ̀. Ipa yẹn ló yẹ kí wọ́n wá, nípa yíyẹ àwọn ọmọ ogun tó bá kòkòrò B jà wò, kì í ṣe kòkòrò nìkan. Àìmọye ìwádìí ni kì í ṣe é.

Ọ̀nà tó dájú ni àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà tí ẹlẹ́wọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní àkọ́kọ́ tó wá ní àrùn nígbà kejì, inú ọgbà ló ti kó o. Ó dà bí ohun tó rọrùn, àbí? Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Wàhálà kìíní ni pé ẹ̀jẹ̀ kì í tètè sọ òótọ́. Àyẹ̀wò HIV kíákíá tí wọ́n ń fi ìka ṣe lè kùnà láti rí i fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó wọ ara. Ti C sábà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn ó ń tó mẹ́fà. Ẹ tún wo ọmọkùnrin wa. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí wọ́n tó mú un ló kó HIV, àyẹ̀wò ẹnu géètì Ìkòyí á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá tún un ṣe ní oṣù kẹrin, á jáde. Olùṣèwádìí tí kò fara balẹ̀ á di ẹ̀bi náà ru ẹ̀wọ̀n. Èyí ló fà á tí àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn fi máa ń ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta: ti ẹnu géètì, ti oṣù kẹta tí wọ́n á fi ṣe ìpìlẹ̀, àti ti ìgbà tó bá yá. Ẹni tí oṣù kẹta bá ṣàfihàn àrùn rẹ̀, wọn kì í kà á mọ́ inú ọgbà, wọn kì í kà á mọ́ ìta. Wọ́n á fún un ní ìtọ́jú, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Wàhálà kejì ni pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n kì í dúró. Nínú ẹlẹ́wọ̀n mẹ́wàá ní Nàìjíríà, nǹkan bíi méje ni wọn kò tíì dá lẹ́jọ́. Ẹnì kan lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí béèlì rẹ̀ tó jáde, ẹlòmíràn lè lo ọdún mẹ́fà. Wọ́n lè kó àwọn kan lọ sí Kirikiri tàbí Àgbádárìgì láìsọ fún dókítà kankan. Nítorí èyí, iye ènìyàn nìkan kò tó fún ìṣirò. Àkókò tí kálukú lò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ká ní ènìyàn 200 tí ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́ ni wọ́n ṣọ́ fún oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ìdajì ọdún lọ́nà 200 jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí méjì nínú wọn bá kó àrùn, wọ́n á sọ pé méjì ló kó o nínú ọgọ́rùn-ún ọdún tí ènìyàn fi wà nínú ọgbà. Ẹni tó lo oṣù mẹ́ta á mú ìdá mẹ́rin ọdún tirẹ̀ wá, ẹni tó lo ọdún kan á mú odindi wá. Iye yìí ni a lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìta kí a sọ pé ẹ̀wọ̀n burú jù tàbí kò burú jù. Ṣùgbọ́n àwọn tó lọ kí àyẹ̀wò kejì tó dé kì í ṣe irú àwọn tó kù. Ẹni tó ní ìdílé àti lọ́yà máa ń tètè jáde. Ẹni tí kò lẹ́nìkan ló máa ń pẹ́. Èsì àyẹ̀wò kejì máa ń jẹ́ èsì àwọn aláìní.

Wàhálà kẹta ni ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé àrùn wà, kò lè sọ bí ó ṣe wọlé. Wọ́n gbọ́dọ̀ bi ènìyàn: ṣé ẹ ti pín bíléèdì lò? Ṣé ẹ ti gún oògùn? Ṣé ẹ ti bá ọkùnrin lò pọ̀? Ta ni ó fẹ́ dáhùn ìbéèrè kẹta yìí ní orílẹ̀-èdè tí òfin ti ka ìbálòpọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin sí ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́dà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà? Ìdí nìyẹn tí bíléèdì fi máa ń gba gbogbo ẹ̀bi nínú ìwádìí wa; òun ni kò ti ènìyàn lójú láti sọ. Àwọn ibòmíràn ti dọ́gbọ́n sí i: wọ́n á fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí etí ẹlẹ́wọ̀n, kọ̀ǹpútà á ka ìbéèrè náà fún un ní èdè rẹ̀, á fi ìka tẹ ìdáhùn, kò sí ẹni tó máa wojú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà pàápàá lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda. Láti ọdún 1951 títí di 1974, ní ẹ̀wọ̀n Holmesburg ní Philadelphia, dókítà Albert Kligman fi awọ ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n dán oògùn àti kẹ́míkà wò, ó ń fún wọn ní owó táṣẹ́rẹ́. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ló mú kí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pàtó lórí ìwádìí lára ẹlẹ́wọ̀n ní ọdún 1978. Ní Nàìjíríà, ìlànà ìwádìí ìlera ti gbogbo orílẹ̀-èdè jáde ní ọdún 2007: kò sí olùṣèwádìí tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwà ìwádìí wò kò bá fọwọ́ sí i, ì báà jẹ́ ti ilé ìwádìí NIMR ní Yábàá tàbí ti ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH. Òfin ọdún 2014 tó ń dáàbò bo àwọn tó ní HIV náà wà.

Lórí ìwé, ìyọ̀ǹda ṣe kedere. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀tọ̀ ni. Bí olórí sẹ́ẹ̀lì bá ní kí gbogbo wọn tò síta, ta ni kò ní tò? Bí ọṣẹ àti bisikíìtì bá jẹ́ ẹ̀bùn ẹni tó bá kópa, níbi tí ọṣẹ ti jẹ́ owó, ṣé ìyọ̀ǹda nìyẹn àbí ọjà? Nínú èrò tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyọ̀ǹda jẹ́ òótọ́ kó ka iye àwọn tó kọ̀. Ìwádìí inú ẹ̀wọ̀n tí gbogbo ènìyàn gbà láti kópa, tí ẹnì kan kò kọ̀, yẹ kó fu ènìyàn lára.

Bí a bá ń wá ìgbà tí wọ́n rí ìdáhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí ìbéèrè ìyá ọmọ yẹn, Scotland ni a máa lọ, sí ẹ̀wọ̀n Glenochil. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 1993, àwọn dókítà rí i pé HIV ń jáde lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ń gún oògùn olóró. Ẹlẹ́wọ̀n 378 ló wà níbẹ̀. Wọ́n bá 227 sọ̀rọ̀, 162 gbà kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn, 12 ní HIV. Méjì mìíràn ni wọ́n ti mọ̀ ṣáájú. Gbogbo àwọn 12 yìí ló sọ pé àwọn ti gún oògùn nínú ọgbà náà gan-an, abẹ́rẹ́ tí ọwọ́ ń gbà láti ọwọ́ ni wọ́n sì ń lò. Àwọn olùṣèwádìí to ọjọ́ tí kálukú wọlé, wọ́n to èsì àyẹ̀wò rẹ̀ àtijọ́ sí i, wọ́n sì fi èyí mọ̀ dájú pé mẹ́jọ kó o nínú ẹ̀wọ̀n. Nípa ti àwọn yòókù, wọn kò lè búra.

Kò pẹ́ sí i, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ àwọn 14 náà lọ sí láàbù láti ka àbùdá kòkòrò inú rẹ̀. HIV máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ti ara kan bọ́ sí òmíràn. Bí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, kò tíì pẹ́ tí wọ́n ti ibì kan náà wá. Bí wọ́n bá jìnnà síra, orísun wọn yàtọ̀. Èsì tó jáde ní ọdún 1997 ni pé ti 13 nínú 14 jọra tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí iyèméjì: inú Glenochil ni wọ́n ti kó o. Mẹ́jọ ti di mẹ́tàlá.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀, apá tó kù sì ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí ní Ìkòyí kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin Glenochil jáde kúrò lẹ́wọ̀n, ó ní ọ̀rẹ́bìnrin, ó kó HIV ràn án láìsọ fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá, wọ́n gba ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́, wọ́n lọ gba àkọsílẹ̀ ìwádìí náà, èyí tí ọkùnrin yẹn ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún lórí ìlérí pé àṣírí ni. Ní ọdún 2001, ilé ẹjọ́ ní Glasgow dá a lẹ́bi, wọ́n sì fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ènìyàn lè sọ pé ó yẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹlẹ́wọ̀n tó bá gbọ́ ìtàn yẹn, ṣé á na apá rẹ̀ fún olùṣèwádìí tó kàn?

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ará Scotland lò ní àwọn ọdún 1990. Wọn kò fa ẹ̀jẹ̀, itọ́ ni wọ́n gbà. Ẹlẹ́wọ̀n á tutọ́ sínú ike, á kọ ìdáhùn sí ìbéèrè, nọ́ńbà kan náà á wà lára méjèèjì, orúkọ kò sí níbì kankan. Kò sí ohun tí ọlọ́pàá lè gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní HIV kò ní gbọ́ èsì rẹ̀ láti inú ìwádìí yẹn, àfi kó lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun mìíràn sì tún wà: itọ́ tí kò ní orúkọ kò ṣeé so mọ́ àyẹ̀wò oṣù kẹta tàbí ti oṣù kẹsàn-án. Ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá ọmọ náà gba kí ẹnì kan mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ láti àyẹ̀wò kìíní títí dé ìkẹyìn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń béèrè ni pé kí ìwé tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà wà jìnnà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí wọ́dà má lè dé ibẹ̀, kí wọ́n sì jó o bí àyẹ̀wò ìkẹyìn bá ti parí. Títí di ọjọ́ tí wọ́n á jó o, ilé ẹjọ́ lè béèrè rẹ̀. Ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n bá gbé síwájú ọmọkùnrin ará Ẹlẹ́kọ gbọ́dọ̀ sọ èyí fún un ní èdè tó gbọ́, kó tó na apá.